Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún mi

Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o. Ẹnì kan ní kí àwa tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún wá sọ bí a ṣe lo oṣù àkọ́kọ́ nílé. Tèmi rèé.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ kí àbúrò mi ọkùnrin tó fún mi ní kíndìnrín rẹ̀ kan. Ẹ má rò pé wọ́n yọ ti tẹ́lẹ̀ o. Méjèèjì ṣì wà lẹ́yìn mi níbi tí Ọlọ́run fi wọ́n sí. Ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún ni wọ́n fi ti àbúrò mi sí, mo sì ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ tí mo bá fọwọ́ kan ibẹ̀. Ọkọ mi ní èmi nìkan lòun mọ̀ tó ní kíndìnrín mẹ́ta tí kò sì lówó lọ́wọ́.

Bí dókítà ṣe là á yé mi ni pé ara mọ̀ pé àlejò ni kíndìnrín náà, ó sì fẹ́ lé e jáde. Oògùn tí mò ń lò ló ń kun àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lóorun. Àmọ́ tí ẹ̀ṣọ́ bá ti sùn, olè náà, ìyẹn kòkòrò àìsàn, á ráyè wọlé. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ló léwu jù, torí ìgbà yẹn ni oògùn máa ń pọ̀ jù. Tacrolimus ni ọ̀kan nínú wọn, aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́. Mycophenolate wà ńbẹ̀, prednisolone wà ńbẹ̀, Septrin náà wà ńbẹ̀ kí àkóràn má bàa wọ ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mi ò gbọdọ̀ lo tacrolimus àárọ̀ títí wọ́n á fi fa ẹ̀jẹ̀, torí èyí tó ṣẹ́kù láti alẹ́ ni wọ́n fẹ́ wọ̀n. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e mì nínú mọ́tò. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Owó mọ́tò lọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n oògùn lílò ò ṣòro tó èèyàn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbọ́ pé o bọ́ lábẹ́ ọ̀bẹ, ẹbí, ẹgbẹ́, ará ìjọ, ará ọjà, gbogbo wọn ló fẹ́ wá kí ọ kú ewu. Ẹni tí ò bá wá, wọ́n á ní kò láájò. Ọkọ mi kọ ọ́ sí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì: "Ẹ jọ̀ọ́, a ò gba àlejò." Kò tó wákàtí méjì tí wọ́n fi ya á. Ẹni tó ya á ò tíì jẹ́wọ́ títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí à ń pè ní Màmá Ìjẹ̀bú dé. Ikọ́ wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n gbé ìgò àgbo méjì dání, wọ́n ti fi ọ̀rá we ẹnu rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ ò lè wọlé. Ẹ̀ ń húkọ́."

"Èmi lẹ̀ ń lé? Èmi tí mo wẹ ìyá ẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i?"

Inú yàrá ni mo wà, mo ti so ìbomú, mo ti di kọ́kọ́rọ́ mú. Mi ò ṣí i. Màmá gbé ìgò méjèèjì kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ọkọ mi na owó mọ́tò sí wọn, wọn ò gbà á. Mo sunkún lóru ọjọ́ yẹn ju bí mo ṣe sun ún lọ́jọ́ tí wọ́n là mí. A da àgbo náà nù, torí dókítà ti kìlọ̀ pé àgbo lè da oògùn mi rú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ọsàn gíréèpù lásán, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu, torí ó ń mú kí tacrolimus pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Kì í kúkú ṣe ọ̀dọ̀ Màmá ni àìsàn ti wá nígbẹ̀yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, otútù mú mi lóru, eyín mi ń gbá ara wọn. Tẹmómítà gbé 38.4 jáde. Aládùúgbò wa ní ibà ni, ó ti sáré lọ kan ilẹ̀kùn kẹ́mísì, ó gba oògùn ibà àti ibuprofen tó jẹ́ oògùn ìrora bọ̀. Ọmọ mi gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó pe nọ́ọ̀sì tó fún wa ní nọ́ńbà. Nọ́ọ̀sì ní 38 ni òpin, kí á máa bọ̀ báyìí báyìí, kò sí pé à ń dúró kílẹ̀ mọ́. Àkóràn inú ìtọ̀ ni wọ́n rí. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò lórí dírípù. Wọ́n ní tí mo bá gbé ibuprofen yẹn mì, ó lè ṣe kíndìnrín àbúrò mi léṣe.

Láti ìgbà yẹn, omi kànga wa, sísè ni, kódà èyí tí mo fi ń fọ eyín. Súyà, nùnú, sáláàdì, ẹyin tí ò jinná, mo ti fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹ̀yin aláàfíà. Àmàlà gbígbóná ò ṣe mí ní nǹkan kan, mo dúpẹ́.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú orí ire, mà. Ti ọmọ ni tèmi. Kẹ́hìndé mi ló ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, Táíwò ló fún un ní mùdùnmúdùn eegun. Nígbà tí a fi máa kúrò ní ọsibítù, kò sí irun kankan lórí Kẹ́hìndé, wọ́n sì sọ fún wa pé gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti gbà láti ìkókó, ká kà á sí pé kò gbà á rí. A máa tún un gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá yá.

Táíwò ń lọ sí ilé ìwé ní tiẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, tààrà sí ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ilé ìwé fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ní chickenpox, àrùn tó ń ràn tó máa ń sú sí ara. Mo pe ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ó lè tó ọjọ́ mọ́kànlélógún kó tó hàn lára ẹni tó bá kó o. Bí Táíwò ṣe lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ọsibítù nìkan ló tíì yà wọ́n rí! Lálaalẹ́ ni wọ́n ń tan fídíò fóònù, tí wọ́n á fi sùn lọ bẹ́ẹ̀, fóònù á wà lórí ìrọ̀rí. Èmi ni mò ń pa á.

Chickenpox náà ò yọ lára Táíwò.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé, Abẹ́òkúta

Kíndìnrín ni tèmi náà. N kò ní pẹ́. Ẹyẹlé mẹ́rìndínlógójì ni mo ní lẹ́yìnkùlé. Dókítà béèrè ohun ọ̀sìn, mo dáhùn, ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kòkòrò kan wà nínú ìgbẹ́ ẹyẹlé, tí èèyàn bá fa eruku rẹ̀ símú tí ẹ̀ṣọ́ ara sì ń sùn, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè dé ọpọlọ. Mo kó gbogbo wọn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀bàdá. Wọ́n ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ẹyẹlé ò yẹrí o, èmi ni mo yẹrí. Mẹ́ta ti fò padà wá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Aláṣọ, ẹ ti padà sọ́jà? Màmá Ìjẹ̀bú ńkọ́, ṣé wọ́n ti yọ́nú?

Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

Oṣù keje lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni mo padà, àárọ̀ kùtù ni mo sì ń lọ kí èrò tó kún. Àwọn oníbàárà mi ti mọ̀ pé mi ò ní bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Màmá ò gbé fóònù mi fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ àbámẹ́ta kan ni mo déédéé rí wọn lábẹ́ igi máńgòrò wa, wọ́n fi àdìrẹ rán ìbomú, ó bò wọ́n títí dé ìsàlẹ̀ ojú. Wọn ò kan ilẹ̀kùn. Fóònù mi ló dún. Mo dúró lójú fèrèsé, mo gbé e, à ń wo ara wa.

"Àbẹ̀kẹ́, mi ò húkọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọlé. Sọ tẹnu ẹ."

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí a fi sọ̀rọ̀, títí owó fi tán lórí fóònù wọn. Bí ìlà ṣe já, Màmá gbé fóònù sókè, wọ́n ń nàka sí i, wọ́n ń júwe sí mi pé kí n fi kírẹ́díìtì ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ò tíì tán.