Kí la ó pe extract, kí la ó pe solid?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa ní ká túmọ̀ àkòrí tó wà nílẹ̀, plant extracts (ohun tí wọ́n yọ jáde lára ewéko) fún ìtọ́jú solid cancers ọmọdé, sí “àgbo ìwòsàn jẹjẹrẹ líle ọmọdé”. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó jiyàn: “jẹjẹrẹ” àti “ọmọdé” nìkan ni mo bá wọn gbà níbẹ̀.

Bí ẹ bá sọ fún ìyá kan pé jẹjẹrẹ líle ló ń ṣe ọmọ rẹ̀, ohun tó máa gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Solid ò sọ bí àìsàn ṣe le tó. Ó ń sọ pé ó di kókó sójú kan, ì báà jẹ́ kíndìnrín, ojú tàbí egungun, kò rí bíi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n fi orúkọ Max Wilms, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, pè, inú kíndìnrín ọmọdé ló máa ń di kókó sí, ọ̀pọ̀ ọmọ tó sì rí ìtọ́jú gidi ló ń yè é. “Jẹjẹrẹ oníkókó” ni tèmi. Ẹni tó ní àwọn èèyàn á gbọ́ “kòkó” tí à ń gbìn, àmì ohùn kọ́ ló máa yanjú ìyẹn bí?

“Àgbo” gan-an ló ń dùn mí. Ewé kan wà tó ń jẹ́ Catharanthus roseus, Madagásíkà ni ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Jàmáíkà kan máa ń sè é mu fún àtọ̀gbẹ, ìyẹn sì ni wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ Robert Noble, olùṣèwádìí ìṣègùn ní Kánádà. Wọ́n fún eku mu, ṣúgà ò lọ sílẹ̀. Wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ gún eku, ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ bá já wálẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n ronú pé ó lè bá jẹjẹrẹ jà. Nígbà tó fi máa di 1958, Noble àti Charles Beer, onímọ̀ kẹ́míkà, ti yọ oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ vinblastine nínú rẹ̀. Vincristine, àbúrò rẹ̀, ni wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ Wilms títí dòní. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gún un sí. Bó bá ṣèèṣì wọ inú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, ikú ni. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju mílígíráàmù 2 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ta ló ń fi mílígíráàmù wọn àgbo?

Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ “oje”, àmọ́ extract máa ń gbẹ di ìyẹ̀fun nígbà mìíràn, oje kì í sì í ṣe ìyẹ̀fun. “Àfàyọ” ni mo fara mọ́. A ti ń fa ọ̀rọ̀ yọ nínú ìwé tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká fà á yọ lára ewé náà. Èyí tí wọ́n bá wá ṣà jáde ní ẹyọ kan ṣoṣo, bíi vincristine, ká pè é ní “èròjà”.

“Ìwòsàn” ńkọ́? Ó ti ṣèlérí jù. Ohun tó pa sẹ́ẹ̀lì nínú abọ́ ìdánwò kò tíì dé ara ọmọ kankan. “Tó lè wúlò fún ìtọ́jú” ti tó.

Ibi tí mi ò tíì dá lójú ni “ewé”. Egbò ewéko kan tó ń jẹ́ Podophyllum ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ṣe etoposide, oògùn tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ojú ọmọdé. Ṣé “àfàyọ ewéko” ni ká kọ, àbí “àfàyọ tewé-tegbò”? Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn.