Ṣé rédíétọ̀ tuntun ni Jaguar E-Type mi nílò, àbí nǹkan mìíràn ló ń mú un gbóná?

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ béèrè:

Mo kí gbogbo ilé. Jaguar E-Type, ọkọ̀ eré àtijọ́, tí wọ́n ṣe ní 1967, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 4.2, ni mo ń tọ́jú, rédíétọ̀ tó bá a jáde ní ilé iṣẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Bí mo bá ń sáré lójú ọ̀nà tó já gaara, abẹ́rẹ́ géèjì kì í kọjá 80°C, ṣùgbọ́n bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá mi dúró, kì í pẹ́ tó fi ń gun òkè dé 100°C, tí òórùn kúláàǹtì (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) á sì máa tú jáde láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mẹkáníìkì mi ní kí n yọ rédíétọ̀ oníbàbà àti idẹ yìí dànù, kí n ra ti alumíníọ̀mù tó ní ìlà páìpù mẹ́ta, nítorí pé alumíníọ̀mù ń gbé ooru kúrò ju bàbà lọ. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí? Kí ló sì yẹ kí n wò lára rédíétọ̀ tuntun kí n tó sanwó rẹ̀?

Bàbá Písítìnì dáhùn:

Ẹ fi owó yín sápò ná, nítorí pé ìdáhùn ti wà nínú ohun tí ẹ kọ. Ọkọ̀ tó ń tutù lórí eré, tó wá ń gbóná lórí ìdúró, atẹ́gùn ló ń wá. Lórí eré, ìrìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ti atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀ kọjá. Bí ọkọ̀ bá dúró, fáànù nìkan ló kù tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ pé inú rédíétọ̀ ló dí, orí eré gan-an ni wàhálà ì bá ti pọ̀ jù, torí pé ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń mú ooru wá jù. Jaguar fúnra wọn mọ àléébù yìí: nígbà tí wọ́n gbé Series 2, ìyẹn ẹ̀dà kejì E-Type, jáde ní 1968, wọ́n fẹ ẹnu iwájú ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé fáànù oníná méjì sí i.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lórí ìdúró títí fáànù yóò fi tan, kí ẹ wá na abala pépà kan sí iwájú rédíétọ̀. Bí fáànù bá ń fa atẹ́gùn dáadáa, pépà yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá já bọ́, ẹ ti rí ọ̀tá yín. Ẹ wọn iná tó ń dé ẹnu mọ́tọ̀ fáànù pẹ̀lú, nítorí pé wáyà àtijọ́ àti ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ ara ọkọ̀ máa ń dípẹtà, tí fáànù á kàn máa yí bí ẹni tí oorun ń kùn.

Aṣerédíétọ̀ dáhùn:

Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irin náà ń fẹ́ àtúnṣe. Bàbà ló ń gbé ooru kọjá jù: ìwọ̀n tirẹ̀ tó nǹkan bí 400 W/mK (ìwọ̀n bí irin ṣe ń gbé ooru kọjá), nígbà tí ti alumíníọ̀mù jẹ́ nǹkan bí 237. Ibi tí alumíníọ̀mù ti ń jèrè ni pé ó fúyẹ́, a sì lè fi ṣe páìpù pẹlẹbẹ tó fẹ̀ dé mìlímítà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí páìpù idẹ máa ń tín-ín-rín ju ìyẹn lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí alumíníọ̀mù onílà méjì fi lè ju bàbà onílà mẹ́rin lọ. Iye ìlà nìkan kò sọ ohunkóhun fún yín. Kódà, bí rédíétọ̀ bá nípọn jù tí ìyẹ́ rẹ̀ (àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín páìpù) sì há mọ́ra wọn, fáànù tí kò lágbára kò ní lè fa atẹ́gùn gbà á kọjá, atẹ́gùn tó bá sì dé ìlà tó kẹ́yìn á ti gbóná tẹ́lẹ̀. Onílà mẹ́ta tí wọ́n ní kí ẹ rà yẹn lè dá kún ìṣòro yín.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á síbẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ fi èékánná ti ìyẹ́ rẹ̀ díẹ̀: èyí tó bá mì kò lẹ̀ mọ́ páìpù, kò sì lè gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ tánkì rẹ̀. Ní tèmi o, mo fẹ́ràn kí a tọ́jú tánkì àtijọ́, kí a sì pààrọ̀ àárín rẹ̀, ìyẹn páìpù àti ìyẹ́, nìkan.

Olólùfẹ́ XK dáhùn:

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ tẹmọsítáàtì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi lọ sí rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Èyí tó bá ẹ́ńjìnnì yìí mu ní ọrùn kan tó ń dí ọ̀nà àbùjá nígbà tó bá ṣí. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi gbígbóná á máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀. Ẹ yẹ ìdérí rédíétọ̀ wò pẹ̀lú. Psi (ìwọ̀n agbára ìtẹ̀) kọ̀ọ̀kan tó bá dì mú ń sún ibi tí omi ti ń hó síwájú ní nǹkan bí 1.6°C, nítorí náà 100°C kò yẹ kó fa òórùn bí ìdérí bá ṣì le.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ:

Ẹ ṣeun gan-an. Pépà náà já bọ́ lóòótọ́, iná tó sì ń dé ẹnu fáànù kò ju fólítì 10 lọ. Màá pààrọ̀ wáyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí mo tú jáde pupa bí ìpẹtà. Ṣé kí n da ásíìdì sí i?

Aṣerédíétọ̀:

Rárá o, ásíìdì á jẹ ibi tí wọ́n fi òjé jó. Ẹ ṣí ẹnu ìtúmi tó wà lára búlọ́ọ̀kù, nítorí pé ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù ni ìpẹtà máa ń sílẹ̀ sí, kí ẹ sì fi omi fọ̀ ọ́ títí yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ da kúláàǹtì irú ti àtijọ́ tó ní sílíkéètì sí i, ìdajì rẹ̀ kí ó jẹ́ omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba oru rẹ̀, tó sì di omi padà (distilled water).