Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kọ́ iṣẹ́ heat pump, àbí kí n dúró ti bọ́ílà?

Bàbá Ìbejì, Thamesmead:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní ìwé àṣẹ Gas Safe fún iṣẹ́ gáàsì, bọ́ílà gáàsì tó ń mú ilé móoru ni mò ń ṣe, mo sì ní ọmọṣẹ́ méjì. Àwọn ará ìjọ wa àtàwọn tí wọ́n júwe mi fún ló ń gbé iṣẹ́ wá jù. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé tí mo bá ti kọ iye owó fún oníbàárà, ẹlòmíì á fi £300 dín in, iṣẹ́ á bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ní báyìí, wọ́n ti ń bi mí nípa heat pump, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná fa ooru láti ìta wá sínú ilé, nítorí £7,500 tí ìjọba fi ń ṣèrànwọ́ fún ẹni tó bá gbé e sílé. Ṣé kí n náwó sí ẹ̀kọ́ rẹ̀? Báwo lẹ sì ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ tí kò fi ní sọ pé "ẹ jẹ́ kí n rò ó ná"?

Ìyá Oníṣirò, Leeds:
Ẹ kú làálàá, bàbá. Èmi ni mo ń kọ iye owó fún iṣẹ́ ọkọ mi. Tó bá jẹ́ orúkọ bọ́ílà nìkan ló wà lórí ìwé yín, wọ́n á lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó dínwó jù ló máa gba iṣẹ́. Ẹ wọn ilé kí ẹ tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan. Ẹ mú yàrá kọ̀ọ̀kan: gígùn, ìbú, gíga, irú fèrèsé, irú ògiri. Ẹ ṣírò ooru tí yàrá náà ń pàdánù nígbà tí òtútù ìta bá dé -2°C. Ilé oníyàrá mẹ́ta tó fara ti ilé mìíràn lọ́tùn-ún lósì lè máà béèrè ju 6 sí 8 kW lọ, kí combi 30 kW, bọ́ílà tó ń gbóná omi ìwẹ̀ lójú ẹsẹ̀, sì wà lára ògiri rẹ̀, torí omi ìwẹ̀ yẹn. Tí oníbàárà bá rí i lórí ìwé pé yàrá ọmọ òun ń pàdánù 900 W, rédíétọ̀ ibẹ̀, irin olómi gbígbóná tó ń mú yàrá móoru, ò sì lè mú ju 600 W jáde lọ, kò tún ní fi bẹ́ẹ̀ rántí £300 yẹn. A máa ń gbowó ìwọ̀n náà, a sì ń yọ ọ́ kúrò tí wọ́n bá gbéṣẹ́ fún wa.

Ẹ̀gbọ́n Páìpù, Manchester:
Àbúrò, òótọ́ ni wọ́n sọ. Kọ́kọ́ ṣe bọ́ílà bó ṣe yẹ. Láti 2005 ni òfin ti ní bọ́ílà condensing, èyí tó ń gba ooru inú èéfín rẹ̀ padà, ni ká máa gbé sílé, síbẹ̀ 75 tàbí 80°C ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń fi omi rẹ̀ sí, ó sì ń dùn mí. Omi tó ń padà sínú bọ́ílà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 55°C kó tó lè gba ooru inú èéfín padà. Nígbà òtútù, gbé omi rédíétọ̀ wá sí 50 tàbí 55°C, kí oníbàárà fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí gbogbo yàrá bá móoru, ilé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán fún heat pump. Bí ọ̀kan bá tutù, ojú ara rẹ̀ ló fi rí i pé rédíétọ̀ ibẹ̀ kéré, o ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀ ẹ́. Rédíétọ̀ tí wọ́n kọ 1,000 W sí lára, ìgbà tí omi inú rẹ̀ bá fi 50°C gbóná ju yàrá lọ ni. Bó bá di 30, ìdajì ló kù. Àmọ́ bí ilé bá ní cylinder, ìyẹn táńkì omi gbígbóná, má jẹ́ kí omi inú rẹ̀ wà lábẹ́ 60°C, nítorí kòkòrò Legionella.

Oníná Dartford:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣèlérí pé owó iná máa wálẹ̀. Lórí kWh kan, iná mànàmáná ń wọ́n tó ìlọ́po mẹ́rin gáàsì. Heat pump tó ń mú ooru kWh 3 jáde látinú iná kWh 1 kò tíì borí ìyẹn, àfi tí oníbàárà bá rí tariff, ìyẹn ètò owó iná, tó dẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kó tó buwọ́ lùwé. Òfin sì fún ẹni tí ẹ bá bá ṣàdéhùn nínú ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé yín.

Bàbá Ìbejì, Thamesmead:
Ẹ ṣé gan-an, mo dúpẹ́. Ṣé dandan ni MCS, ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń gbé heat pump sílé? Páìpù tóóró 10 mm tó kún àwọn ilé àdúgbò wa ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Páìpù, Manchester:
Láìsí MCS, oníbàárà ò lè rí £7,500 gbà. Oníṣẹ́ ló ń bá a béèrè lọ́wọ́ Ofgem, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ gáàsì àti iná, tó sì ń yọ ọ́ lára iye owó. Ilé iṣẹ́ tó ti ní MCS wà tó máa ń jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Mú monobloc, irú heat pump tó wà lódindi níta, torí inú ẹ̀rọ níta ni refrigerant rẹ̀, ohun tó ń gbé ooru kiri inú ẹ̀rọ, ti parí, kò béèrè F-gas, ìwé àṣẹ àwọn tó ń fọwọ́ kan refrigerant. Ní ti páìpù, bọ́ílà lè fi 20°C sáàárín omi tó ń lọ àti èyí tó ń padà, 5 ni heat pump sábà máa ń fi sí. Fún ooru kan náà, omi tó máa gba inú páìpù kọjá di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣírò ti rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan á gbà á, àwọn kan ò ní gbà á.

Ìyá Oníṣirò, Leeds:
Ẹ mú ọmọṣẹ́ kan dání lọ síbi ẹ̀kọ́ náà, kó má lọ jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi ilé pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ìjọ á máa wò ó. Ilé kékeré oníbàárà yín àtijọ́ ló dára. Ẹ gba bíìlì gáàsì rẹ̀ ti ọdún kan gbáko. kWh ibẹ̀ ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ìṣirò yín bá ilé náà mu.