Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àgbàdo Bt

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Kòkòrò fẹ́ jẹ oko àgbàdo mi tán. Tí mo bá tú ewé àárín rẹ̀, ìdin ni mò ń bá níbẹ̀, ìgbẹ́ wọn á kún ibẹ̀ bí èérún pákó tó tutù. Mo fín oògùn títí, apá mi ò ká a.

Wọ́n ní kí n gbin àgbàdo Bt, èyí tí wọ́n fi àbùdá bakitéríà inú ilẹ̀ kan sí; ìdin tó bá jẹ ẹ́, ìfun rẹ̀ á lu jára. Láti 1996 ni wọ́n ti ń gbìn ín ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ gbin èyí tí kì í ṣe Bt sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí kòkòrò má bàa di èyí tí Bt kò lè pa mọ́. Ibẹ̀ ló ń kọ mí lóminú, torí oko mi kéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìn ín, báwo lẹ ṣe pín ilẹ̀ yín?