Manual ni mo rà o: àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Hilux mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo bi yín bóyá kí n ra ọkọ̀ akẹ́rù Hilux tó jẹ́ manual (tí èèyàn ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀) tàbí automatic (tó ń yí jíà fúnra rẹ̀), èmi tí mò ń kó iṣu láti Òmù-Àrán wá sí Ìlọrin. Manual ni mo rà, ó ti pé oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ní automatic ló rọrùn jù, ẹ ò parọ́. Tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ bá ká mi mọ́ Post Office ní Ìlọrin, orúnkún òsì mi á ti mọ̀ ọ́n lára nítorí clutch, pẹ́dà tí à ń fẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ká tó yí jíà. Àmọ́ ẹrù ni iṣẹ́ tèmi. Tí iṣu bá kún ẹ̀yìn ọkọ̀, tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, jíà kejì ni mò ń lò. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á di ọkọ̀ mú, bíréèkì ò ní gbóná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọkàn mi wá balẹ̀ pátápátá. Bátìrì kú sí mi lọ́wọ́ lóko. Mo yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí on, mo fi sí jíà kejì, mo tẹ clutch mọ́lẹ̀, ọmọkùnrin mẹ́rin ń tì í. Bó ṣe ń yí ni mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí clutch, ó gbọ̀n rìrì lẹ́ẹ̀kan, ó dún! Automatic ò gba irú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká má máa gbẹ́sẹ̀ lé clutch tí ọkọ̀ bá ń lọ, ẹ ṣeun gan-an, sà. Dẹ́rẹ́bà mi ti ń gbẹ́sẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Òórùn ohun tó ń jóná ni mo fi mọ̀. Mo ti bá a wí, ó sì ti jáwọ́.

Mo ti rí ìdáhùn mi. Ẹ jẹ́ ká pa á dé síbẹ̀.