Atúnṣe kọ́, olùtọ́jú ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Kàdúná ní ká máa pe ẹni tí kóòdù kọ̀ǹpáílà (ètò tó ń tú kóòdù téèyàn kọ sí èdè tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà gbọ́) wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ìyẹn "maintainer", ní atúnkóòdùṣe. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Atúnfóònùṣe kún ọjà fóònù Banex ní Wuse 2, ní Àbújá níbí, fọ́fọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí fóònù rẹ̀ ò bàjẹ́ kì í yà sọ́dọ̀ wọn. Kóòdù tí kò ní àléébù kankan náà sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Olùtọ́jú ni tèmi. Ẹnì kan ti ní nọ́ọ̀sì ló ń dún létí òun. Lóòótọ́ ni, a ń tọ́jú aláìsàn. Àmọ́ bí ìyá yín bá ní, "Bá mi tọ́jú owó yìí," kí ló ṣe owó náà? Kò sóhun tó ṣe é. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé nígbà táwọn bá dé, kó pé bí àwọn ṣe fi sílẹ̀. Iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Nígbà tí Go 1, ẹ̀dà kìíní Go, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, jáde lóṣù Kẹta ọdún 2012, àwọn tó ń ṣe é ṣèlérí pé ètò tí a bá kọ ní ìlànà rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ lọ láìjẹ́ pé a yí i padà. Ní 2015, wọ́n kó kọ̀ǹpáílà náà kúrò nínú èdè C bọ́ sínú Go fúnra rẹ̀, síbẹ̀ irú ìyípadà ńlá bẹ́ẹ̀ ò sọ pé kí ẹlẹ́tò àtijọ́ lọ tún tirẹ̀ kọ. Níbo ni "atúnṣe" ti fẹ́ gba ìlérí yẹn sí?

Ó tún níhà kejì. Èèyàn lè tọ́jú nǹkan títí ẹlòmíì ò fi ní ráyè fọwọ́ kàn án. Ó ṣẹlẹ̀ sí GCC, kọ̀ǹpáílà ọ̀fẹ́ tí Richard Stallman gbé jáde ní 1987. Nígbà tó fi di 1997, ó ti sú àwọn kan pé àbùlẹ̀ táwọn ń fi ránṣẹ́ kì í tètè wọlé (àbùlẹ̀ fún "patch", ìyẹn àtúnṣe téèyàn fẹ́ kí wọ́n fi kún kóòdù; ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n nìyẹn, ó dùn mọ́ mi). Wọ́n bá ya kóòdù náà sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní EGCS. Ní 1999, EGCS yẹn ni Free Software Foundation, àjọ tó ń bójú tó GCC, sọ di GCC gan-an.

Alámòójútó tí ará Jọ́s kan dá lábàá ńkọ́? Ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí fáìlì ló máa sọ sí ará Àbújá lọ́kàn, a sì ní wọn tó níbí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń sọ yìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń ka àbùlẹ̀ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí lóru.

Ní ti kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀, ẹ má pè é ní ògbufọ̀. Ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Nyanya, bí gbólóhùn bá ṣe ń jáde lẹ́nu pásítọ̀ ló ń tú u, "interpreter" nìyẹn. Kọ̀ǹpáílà á ti tú gbogbo rẹ̀ tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ pè é ní "akójọ", orúkọ yẹn bá A-0, kọ̀ǹpáílà àtijọ́ tí Grace Hopper ṣe ní 1952, mu, torí pé ṣe ló ń kó àwọn ègé ètò tó ti wà nílẹ̀ jọ. Tòní ti kọjá ìyẹn. Atúmọ̀-èdè sì ti ní ìwé tó ń jẹ́ ẹ. Ní báyìí ná, kọ̀ǹpáílà ni mò ń kọ.