Ṣé kí n jáwọ́ nínú iyán nítorí HPV?

Ìyá Dámi, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lóṣù tó kọjá mo ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ. Wọ́n ní mo ní HPV, fáírọ́ọ̀sì kan tó lè fa jẹjẹrẹ níbẹ̀, oríṣi 16, pé kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n wò ó dáadáa. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá ní ṣúgà ni fáírọ́ọ̀sì náà ń jẹ, pé bí n kò bá fẹnu kan iyán mọ́, ebi á pa á kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti dojú odó dé. Lánàá, òòyì kọ́ mi lọ́jà, àfi bí mo ṣe di igi ìsọ̀ mú. Ṣé òótọ́ ni?

Tíṣà Báyọ́lọ́jì, Ìkọ̀lé:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ìyá yẹn gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ kò gbọ́ ọ tán. Fáírọ́ọ̀sì kì í jẹun. Inú sẹ́ẹ̀lì wa ló ń wọ̀, irinṣẹ́ wa ló sì fi ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. HPV 16 ní puròtéènì méjì tó burú: E6 ń run p53, ọdẹ tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì, E7 ń mú Rb, tó dà bíi bíréèkì, so mọ́lẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì á wá máa pín ṣáá.

Ibẹ̀ ni ṣúgà ti wọ̀ ọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáká ń fi ọ́síjìn jó glucose, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tán, ó sì ń rí nǹkan bí 30 ATP, ìyẹn agbára, lára ẹyọ kan. Èyí tí E6 àti E7 ti yí lórí á máa gbé ṣúgà mì wàràwàrà, á rí ATP 2 péré, á sì máa da lactic acid, ìyẹn ásíìdì kan, síta, bí ọ́síjìn tilẹ̀ wà níbẹ̀. Bíi kéèyàn fa igi yọ lẹ́nu ààrò kó tó jóná tán ni. Igi tó ṣẹ́kù ló fi ń kọ́lé fún sẹ́ẹ̀lì tuntun. Otto Warburg, ará Jámánì, ti rí ìwà yìí lára jẹjẹrẹ láti bí 100 ọdún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá febi pa ara yín, ẹ̀dọ̀ yín á ṣe ṣúgà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ó rù.

Nọ́ọ̀sì, Adó:
Ẹ jẹun, ẹ jọ̀ọ́! HPV kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin ń lé e lọ láàárín ọdún 2. Àmọ́ oríṣi 16 àti 18 ló wà nídìí bíi 70% jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, nítorí náà ẹ má pa Ọjọ́bọ̀ yẹn jẹ. Wọ́n á fi omi kan tó dà bíi fíníígà ra ibẹ̀. Ibi tó bá ti yí padà á funfun. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ. Dámi ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni?

Ìyá Dámi:
Ọdún 11, Mà.

Nọ́ọ̀sì, Adó:
Ẹ mú un lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV wà fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Tóbi, Ìkẹ́rẹ́:
Ìyá Dámi, agogo mélòó ni Ọjọ́bọ̀? Èmi àti yín la jọ ń lọ.